Ẹ sọ tiyín: fíìmù ẹranko ńlá ayé bọ́ǹbù wo ni kò kúrò lọ́kàn yín?

Àkànkẹ́ Mọ́kọ́lá kọ pé:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Láti ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn fíìmù ẹranko ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì wọ ayé ni mo fẹ́ ká sọ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Godzilla. Ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn ni. Àwọn nìkan ló ní fídíò ní gbogbo àdúgbò. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó, àwòrán rẹ̀ ń gbọ̀n yẹ̀ẹ̀. Òyìnbó oníròyìn kan ló ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún wa, Raymond Burr ni orúkọ òṣèré tó ṣe é. Ẹranko náà yọrí lẹ́yìn òkè, ó ké, ilé ń wó, àwa ń pàtẹ́wọ́. Bó ṣe parí la bọ́ sí àgbàlá láti fi ṣeré. Ẹni tó ga jù wá ló ń ṣe ẹranko, páálí mílíìkì tí a tò jọ sì ni ìlú Tókíò. Eré náà ni mo kà á sí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Iṣẹ́ x-ray ni mò ń ṣe báyìí ní London. Báàjì kékeré kan wà tí à ń fi sí àyà, òun ló ń ka iye ìtànṣán tó bá bà wá. Lóṣooṣù ni wọ́n máa ń gbà á lọ yẹ̀ wò. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi lọ wo fíìmù yẹn bí àwọn ará Japan ṣe ṣe é gan-an, èyí tí Ishirō Honda darí, tó jáde lọ́jọ́ 3 oṣù Kọkànlá 1954. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Èyí tí a wò ní Mọ́kọ́lá, àwọn ará Amẹ́ríkà ló gé e, tí wọ́n sì fi Burr kún un lọ́dún 1956. Nínú ti àkọ́kọ́, obìnrin kan jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń ṣàròyé: ẹja ti ní májèlé bọ́ǹbù, òjò ti ní májèlé bọ́ǹbù, Godzilla tún wá dé lé e lórí, òun tó jẹ́ pé orí ló kó òun yọ ní Nagasaki, ìlú Japan tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí lọ́dún 1945. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni Nagasaki sí ìgbà yẹn! Ìyá kan tún wà tó ká àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra lójú títì níbi tí iná ti ń jó, tó ń sọ fún wọn pé ó kù díẹ̀ káwọn dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn.

Ibi tó mú mi gan-an nìyí. Ilẹ̀ ti mọ́, ẹranko ti lọ, ilé ìwòsàn kún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó fara pa nà sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán sún mọ́ ọmọ kékeré kan. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Ó wo ọ̀dọ́bìnrin tó dúró tì wọ́n, ó rọra mi orí pé kò sí ọ̀nà. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ náà kàn ń wò wọ́n ni, kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń wí. Èmi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo máa fura, ọwọ́ mi ti wà láyà mi, níbi tí báàjì máa ń wà.

Nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹta 1954, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù háídírójìn wò ní Bikini, láàárín òkun Pàsífíìkì. Agbára rẹ̀ tó mẹ́gátọ́ọ̀nù 15, ìyẹn bí ìgbà tí tọ́ọ̀nù TNT mílíọ̀nù 15 bá bú gbàù, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fojú sùn lọ. Ọkọ̀ apẹja kan láti Japan, Daigo Fukuryū Maru, wà lẹ́yìn ààlà tí wọ́n ní kí ọkọ̀ má kọjá. Ọkùnrin 23 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀, àfi bí ìgbà tí oòrùn ń yọ láti ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tó yá, eérú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sára wọn: iyùn ìsàlẹ̀ òkun ni bọ́ǹbù lọ̀ kúnná, tó sì gbé lọ sókè. Ó wọ̀ wọ́n lójú, ó wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Aikichi Kuboyama, ẹni tó ń bójú tó rédíò inú ọkọ̀ náà, kú lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni fíìmù jáde, ohun tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi kan tí ìmọ́lẹ̀ bù mọ́ lójijì, tó gbiná. Kò sí ẹni tó wà ní sinimá Tókíò lọ́jọ́ yẹn tí kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ọ̀fọ̀ ni àwọn èèyàn yẹn ń ṣe, tí àwa ń pàtẹ́wọ́ sí. Ó dùn mí. Ẹ sọ tiyín.

Oníbéèsì kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Tèmi ò gùn. Gìtá béèsì ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Igbe ẹranko yẹn ló máa ń dùn mí lára jù, mo sì rò pé ẹranko gidi kan ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àṣé Akira Ifukube tó ṣe orin fíìmù náà ló dá a. Okùn dùùrù béèsì onígi ńlá ni wọ́n dẹ̀, wọ́n wá fi ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi oje igi pa fà á lọ, wọ́n sì mú kí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ falẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀ nílé. Ó ń ké bí ẹni tí nǹkan ń dùn, kì í ṣe bí ẹni tó ń bínú.

Ọmọ Ọdẹ Ìsẹ́yìn kọ pé:

Them! ni tèmi, ọdún 1954 kan náà, Amẹ́ríkà ló ṣe é. Nínú rẹ̀, bọ́ǹbù àkọ́kọ́ tí wọ́n dán wò ní aṣálẹ̀ New Mexico ní oṣù Keje 1945 ló sọ èèrà di ohun tó gùn ju èèyàn lọ. Ẹni tí kò gbé oko rí lè máa fi rẹ́rìn-ín.

Ìjàlọ wọ ilé wa lóko lóru ọjọ́ kan. Bàbá wa àgbà ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ gbọ́ o, kò rí wọn, ó gbọ́ wọn ni, wọ́n ń dún wìnnìwìnnì lórí ewé gbígbẹ. Ó ní, “Ẹ gbé ọmọ.” Ọmọ ọwọ́ la kọ́kọ́ gbé jáde. Ó bu eérú ààrò, ó dà á yí ẹnu ọ̀nà po, a dúró síta títí ilẹ̀ fi mọ́. Adìẹ tó ń sàba, ìyẹ́ rẹ̀ nìkan la bá.

Nínú fíìmù náà, ìró wọn lò ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú ìyanrìn, bíi fèrè. Wọ́n wó ilé ìtajà, wọ́n kó ṣúgà, wọn ò fọwọ́ kan owó. Ọmọdébìnrin kan ń dá rìn ní aṣálẹ̀ pẹ̀lú bèbí lọ́wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gbé oje olóòórùn èèrà sí i nímú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ figbe ta: “Àwọn ni! Àwọn ni!” Èmi náà mọ òórùn yẹn. Mo dìde, mo lọ tan gbogbo iná ilé.

Ìyá Ṣakí kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní 1960. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ni Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì tiwọn àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Bàbá mi ń ka ìwé ìròyìn sókè fún wa. Bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ẹ sì mọ ibi tí ọyẹ́ ti ń wá. Gbodo kún orí àpáta tí ìyá mi sá a sí. Bó ṣe gbọ́, ó sáré kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Eruku ti bà lé e. Ó jókòó ti fìtílà, ó ń fi aṣọ nù ún lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìkòkò omi ló bò.

Wọ́n tún yìn ín lẹ́ẹ̀mejì kí ọdún náà tó parí. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 1961, ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú. Obìnrin inú ọkọ̀ ojú irin tí Àkànkẹ́ sọ yẹn, ìyá mi ni mo rí.

Àkànkẹ́ Mọ́kọ́lá kọ pé:

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Gbodo náà ńkọ́, ṣé ẹ jẹ ẹ́?

Ìyá Ṣakí kọ pé:

Ìyá mi àti bàbá mi ló rokà rẹ̀ jẹ. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń fún àwa ọmọ títí gbodo ọ̀hún fi tán.