Ẹsẹ̀ tó kú: ẹ̀jẹ̀ ni àbí iṣan?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ kú ilé o. Èèyàn á jókòó sórí àpótí, á gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ìgbà tó bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ti kú. Tó bá wá ń jí, á máa ta wínniwínni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè kọjá ni gbogbo ayé ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá wí.

Fisió: Iṣan ni. Fọwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ òde orúnkún, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wàá kan eegun kékeré kan tó yọ gọngọ. Iṣan tó ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè gba ẹ̀yìn ibẹ̀ yí wá síwájú, awọ nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Tí orúnkún kejì bá tẹ̀ ẹ́, tàbí téèyàn lóṣòó pẹ́, ó há nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ sí i o, àmọ́ òpójẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ iṣan náà fúnra rẹ̀ ló pa dé. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ lápapọ̀ ló dúró, ẹsẹ̀ á tutù nini.

Arẹ́rìn-ín: Ẹ̀jẹ̀ ti ru ẹrù ẹlẹ́rù tipẹ́ 😂

Tíṣà Bàólójì: Wínniwínni yẹn, ìgbà tí iṣan bá gba ìtúsílẹ̀ ni. Àwọn okùn inú rẹ̀ tó ti dákẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ fúnra wọn, láìsí ohun tó kàn wọ́n. Ọpọlọ ò mọ̀ pé irọ́ ni, á kà á sí abẹ́rẹ́ tó ń gún àtẹ́lẹsẹ̀.

Atọpinpin: Iṣan wo lẹ ń wí gan-an? Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan. Ohun tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan. Èyí náà tún iṣan?

Tíṣà Bàólójì: Iṣan ìmọ̀lára.

Atọpinpin: Kò péye. Èyí tí Fisió júwe ń gbé àṣẹ lọ sí ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ìmọ̀lára nìkan kọ́.

Arẹ́rìn-ín: Ẹ pè é ní nẹ́ẹ̀fù, kílẹ̀ tó ṣú.

Tíṣà Bàólójì: Ẹ tiẹ̀ wo ìkọsẹ̀. Àtàǹpàkò gbá òkúta: èèyàn ti mọ̀ pé òun kọsẹ̀ kí oró tó dé. Okùn tó ń gbé ìfọwọ́kàn ní ọ̀rá tó wé e, 35 sí 75 mítà ló ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń gbé ìrora tó ń jẹni kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ò ní ọ̀rá, kì í ju mítà 2 lọ. Láti àtàǹpàkò dé eegun ẹ̀yìn tó bíi mítà 1. Ẹ ṣírò ó.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ti ẹsẹ̀ òsì ńkọ́? 😁

Tíṣà Bàólójì: Gígùn kan náà.

Fisió: Ẹ fọwọ́ ra á ṣáá. Ìfọwọ́kàn máa ń dínà mọ́ ìrora nínú okùn ẹ̀yìn. Melzack àti Wall, àwọn onímọ̀ nípa ìrora, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1965.

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ẹ fi ìkọsẹ̀ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ìdí ni kẹ́ ẹ bá mi sọ. Iṣan tó nípọn jù lọ lára ń gba inú ìdí lọ sẹ́sẹ̀. Ẹ pín ẹ̀bá ìdí kan sí mẹ́rin. Ìdá tòkè lápá òde nìkan lẹ gbọ́dọ̀ gún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, itan ni, lápá òde, ní agbedeméjì. Tí ìrora bá yọ fìrì dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ má ti oògùn wọlé. Kuníìnì tó bá bọ́ sára iṣan yẹn kì í ṣeré.

Atọpinpin: Àwọn aláìsàn náà lẹ́bi. Ẹ fún wọn ní hóró oògùn, wọ́n á ní ẹ ò tọ́jú àwọn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì: Aláìsàn ò mọ ibi tí iṣan gbà. Ẹni tó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Atọpinpin: Mo gbà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Fisió: Ọmọ náà á máa wọ́ orí ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tí okùn inú iṣan bá já, mìlímítà 1 lóòjọ́ ló ń hù, láti ìdí sọ̀ kalẹ̀, torí náà oṣù lẹ máa kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹ wá ohun tó máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró, ẹ sì máa rọra fọwọ́ nà án sókè lójoojúmọ́. Bí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, èyí tó so ẹran mọ́ eegun, bá sún kì, nẹ́ẹ̀fù lè jí, kí ọmọ ṣì máa fi orí ìka rìn.

Arẹ́rìn-ín: Ó ti pè é ní nẹ́ẹ̀fù 😂