"Ẹni àpatì" kò bá Okwe mu

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a óò pe àwọn tí ìtàn fíìmù Dirty Pretty Things dá lé lórí. Ẹnìkan mú "ẹni àpatì" wá, ẹlòmíràn ní "arúfin". N kò fara mọ́ ọ̀kankan.

London ni Stephen Frears, olùdarí fíìmù náà, gbé e kalẹ̀ sí lọ́dún 2002. Okwe, dókítà ọmọ Nàìjíríà tí Chiwetel Ejiofor ṣe, ń wa takisí lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lóru, ó ń jẹ ewé khat kí oorun má baà gbé e lọ. Ohun tí a gbé jù sílẹ̀, tí a ò lò mọ́, là ń pè ní àpatì. Wọ́n ń lo Okwe tọ̀sán-tòru! Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ fẹ́ kó máa bá òun yọ kíndìnrín àwọn tó ń fi í gba àyederú ìwé ìrìnnà.

"Arúfin" ló dùn mí jù. Senay, ọmọ Tọ́kì, sá wá síbẹ̀, ìjọba sì ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Kí ni kó jẹ? Nígbà tó wáṣẹ́ sí ilé ìránṣọ, òfin yìí gan-an ni ọ̀gá ibẹ̀ fi halẹ̀ mọ́ ọn, tó fi fipá bá a ṣe ìṣekúṣe. Ta wá ni arúfin níbẹ̀?

Àwọn èèyàn wa ní London a máa sọ pé "kò ní páálí", ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì bá Okwe mu dáadáa. Ṣùgbọ́n Juliette aṣẹ́wó náà wà nínú ìtàn yìí, wàhálà tirẹ̀ kì í sì í ṣe ti páálí.

"Ẹni àìkàsí" ni mo dábàá. Okwe rí ọkàn ènìyàn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá rẹ̀ tẹ nọ́ńbà ọlọ́pàá, ó na fóònù sí i pé kó sọ̀rọ̀, Okwe sì pa fóònù náà láì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn, bó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò tó. Àìkàsí ti wà nínú èdè wa tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má kàn sọ ọ́ di "aláìkàsí", torí ẹni tí kì í ka ènìyàn sí nìyẹn, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ló sì tọ́ sí.

Ẹ fi sínú gbólóhùn kí ẹ gbọ́ ọ: "Ìtàn àwọn ẹni àìkàsí ní London ni fíìmù yìí." Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó ṣe rẹ́gí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.