Ohùn bàbá mi wà nínú hard drive tí wọ́n ní kí n dá padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ròyìn bí drive ṣe kú mọ́ yín lọ́wọ́ àti bí ẹ ṣe bá wáráńtì jà, ẹ ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Hard drive 4TB ni, àpótí tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, wáráńtì ọdún 3 ló bá a wá, mo sì ti lò ó fún ọdún 2 àti oṣù 8. Wẹ́rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀: bí mo bá ṣí àwòrán, kọ̀ǹpútà á dákẹ́ lọ fún bí ìṣẹ́jú kan, á tún ta jí. Mo ní Windows ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Nígbà tí mo wá fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń wo ìlera drive, yẹ̀ ẹ́ wò, àwọ̀ yẹ́lò tó jẹ́ ìkìlọ̀ ló gbé jáde. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó rí, drive a máa kọ àìlera ara rẹ̀ sílẹ̀; SMART ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà. Nọ́ńbà 5 ń ka ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí drive ti fi ibòmíràn dípò. 197 ń ka ibi tí kò rí kà, tí kò sì tíì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Òdo ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. 197 tèmi ti lé ní 100.

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Ilé ń jó, dípò kí n sáré kó ẹrù jáde, òrùlé ni mo fẹ́ tún ṣe: mo sọ chkdsk, ètò Windows tó ń wá àṣìṣe inú drive láti tún un ṣe, sí i lálẹ́, mo lọ sùn. Gbogbo òru ni drive tó ti rẹ̀ fi ń sáré kiri ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́, á dákẹ́, kọ́, kọ́, kọ́. Orí tó ń ka àwo inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà mọ́. Kọ̀ǹpútà kò sì rí drive mọ́.

Ohùn bàbá mi wà nínú rẹ̀, bíi wákàtí méjì, níbi tí wọ́n ti ń ròyìn ìgbà èwe wọn fún mi, ní ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n dolóògbé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ ló wà.

Ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe drive náà ní wáráńtì ti tán. Ọjọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí mo rà á. Mo wá rìsíìtì nínú í-meèlì àtijọ́ títí mo fi rí i, mo fi ránṣẹ́. Ẹni tó dáhùn ní kí n pààrọ̀ wáyà, kí n gbìyànjú kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo ti ṣe méjèèjì, mo sì ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹlòmíràn tún béèrè ohun kan náà. Ó di í-meèlì kẹfà kí wọ́n tó gbà pé oṣù 4 ṣì kù, wọ́n wá fún mi ní nọ́ńbà ìdápadà tí agbára rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá mi yọ ohùn yẹn. Wọ́n ní drive ni àwọn fọwọ́ sọ̀yà fún, kì í ṣe ohun tí mo kó sí i. Bí mo bá sì ti fi ránṣẹ́, n kò ní rí i mọ́. Mo ti dì í sínú fóòmù tán. Mo tú u. Ọgbọ̀n ọjọ́ náà kọjá, n kò gba òmíràn.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i fúnra yín, ẹ má sì gbé e sínú fìríìjì bí àwọn kan ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn. Àlàfo tó wà láàárín orí náà àti àwo kéré ju eruku lọ.

Ní tèmi, mo tètè rí i. 197 fi 8 hàn, mo pa kọ̀ǹpútà, mo fi Linux tàn án dípò Windows, mo lo ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà drive tó ń kú lọ. Ibi tó rọrùn láti kà ló kọ́kọ́ ń kó, kó tó padà sí ibi tó le. Fáìlì mẹ́ta péré ló sọnù. Èyí tí ilé-iṣẹ́ fi dípò kì í ṣe tuntun, ó wà lára rẹ̀ pé wọ́n tún un ṣe ni, oṣù 7 tó kù lórí ti àtijọ́ sì ni wọ́n gbé lé e. Ó wà nínú àdéhùn lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń ka àdéhùn nígbà tó ń rajà? Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí.

*

Ẹ̀yin tó kù, kí ẹ tó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́, ẹ wo nọ́ńbà 199 nínú SMART, tó ń ka àṣìṣe tó ń wáyé lójú ọ̀nà láàárín drive àti kọ̀ǹpútà. Bí òun nìkan bá ń pọ̀ sí i, tí 5 àti 197 sì wà ní òdo, wáyà ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Èmi ti fi drive tí ara rẹ̀ dá ránṣẹ́ rí nítorí wáyà SATA, èyí tó so drive mọ́ kọ̀ǹpútà.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. N kò ṣí i, n kò sì tan iná sí i láti ọjọ́ náà. Mo ti rí àwọn tó ń ṣí drive nínú yàrá tí kò ní eruku. Wọ́n máa yọ orí rẹ̀, wọ́n á fi ti drive mìíràn tó bá a dọ́gba dípò. Wọn kò ṣèlérí. Mo ti kọ orúkọ fáìlì náà fún wọn. Mo ní bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló lè jáde, kó jẹ́ òun.