Tang mẹ́rin nínú táǹkì kan: ohun tí ojú wa rí

Láti Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja omi iyọ̀. Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ nípa tang, ẹja òkun pẹlẹbẹ tó ní abẹ nídìí ìrù, pé ọ̀kan ṣoṣo ni kí èèyàn ní nínú táǹkì, pé bí wọ́n bá ti di méjì, ọ̀kan á pa èkejì. Tang mẹ́rin ló wà nílé mi ní Ajílòsun báyìí, wọ́n sì jọ ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Táǹkì mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó fẹ̀ ní 2, ó ga ní 2. Omi inú rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 680. Ẹja tó ń rìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni tang, nítorí náà gígùn táǹkì ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀ lọ. Èkìtì kò bá òkun pààlà, iyọ̀ alápò tí wọ́n ṣe fún ẹja ni mò ń pò, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan. Ẹ má fi iyọ̀ ọbẹ̀ dán an wò láé. Ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tó ní ẹ̀rọ RO gidi, èyí tó ń yọ ohun tó ti yòrò kúrò nínú omi, ni mo ti ń ra omi, mo sì máa ń fi mítà TDS, tó ń wọn ohun tó ṣì yòrò sínú rẹ̀, wò ó kí n tó sanwó, torí òmíràn nínú wọn kàn ń sẹ́ omi lásán ni.

Kole tang ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹja jẹ́jẹ́ ni, eyín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, òun ló fi ń họ èéhù jẹ lára òkúta. Aláwọ̀ búlúù, Paracanthurus hepatus, ló tẹ̀ lé e. Aláwọ̀ ìyeyè láti Hawaii, Zebrasoma flavescens, ni mo fi sẹ́yìn pátápátá, nítorí òun ló fẹ́ràn ìjà jù nínú àwọn mẹ́ta. Ká ní òun ló kọ́kọ́ débẹ̀ ni, á ti di onílé, kò sì ní gba àlejò kankan láyè. Àwọn mẹ́ta yìí kò jọra ní ìrísí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jọra láwọ̀. Ẹja tó bá jọ tang ni tang máa ń bá jà jù, torí òun ni wọ́n á jọ du oúnjẹ àti ihò kan náà. Wọ́n lé ara wọn díẹ̀, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹni kẹrin ló gba sùúrù. Scopas ni. Ìdílé kan náà ni òun àti aláwọ̀ ìyeyè, ìrísí wọn kò yàtọ̀, àfi pé scopas ní àwọ̀ ilẹ̀. Èkó ló ti wá, nínú ọ̀rá tí wọ́n fa ọ́síjìn sí, nínú kúlà, ẹ sì mọ bí ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ṣe rí. Mo yà á sọ́tọ̀ títí ó fi ń jẹun dáadáa, lẹ́yìn náà mo gbé e sínú ike oníhò tí mo so kọ́ inú táǹkì.

Ní ìdí ìrù tang, lọ́tùn-ún àti lósì, abẹ kan wà níbẹ̀. Lára aláwọ̀ ìyeyè, funfun ni. Bó bá fẹ́ jà, kì í fi ẹnu lọ. Ó gbé lẹbẹ ẹ̀yìn dìde, ó yí ìdí sí ike náà, ó sì ń fi ìrù gbá a. Mo ń gbọ́ ọ láti orí àga mi: kọ́, kọ́, kọ́. Scopas há mọ́ igun.

Mo lẹ dígí mọ́ ìta gíláàsì ní apá kejì. Aláwọ̀ ìyeyè rí ẹja tó jọ ọ́ níbẹ̀, ó kọjú ìjà sí i, ó fi ike sílẹ̀. Mo tún gbogbo òkúta tò, kí ihò tó ń sùn sí má baà sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo so nori, ewé òkun gbígbẹ, mọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì táǹkì, kí ẹnì kan má lè ṣọ́ oúnjẹ tán. (Nori tí kò ní òróró tàbí èròjà adùn ni kí ẹ rà.) Nígbà tí kò gbá ike mọ́, mo pa iná, mo sì tú scopas sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ilẹ̀ mọ́, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ scopas. Ó jinná. Títí di òní, bí iná bá fẹ́ kú lálẹ́, aláwọ̀ ìyeyè ṣì máa ń lé e kúrò nídìí ihò. Mo fara mọ́ ìyẹn, torí scopas ń jẹun, ikùn rẹ̀ kún, lẹbẹ rẹ̀ kò fàya. Ẹja tó bá sá pamọ́ tí kò jáde wá jẹun mọ́ ni kí ẹ tètè kó jáde.

Bí tang bá ti pọ̀, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ iná. Pọ́ǹpù mi wà lórí ínfátà, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí omi kò bá yí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tètè tán.

Àwọn kan ń béèrè bóyá kò sí tang nínú òkun tiwa. Ó wà: Acanthurus monroviae, tó ní àmì ìyeyè níbi abẹ ìdí ìrù rẹ̀, ń gbé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ ó máa ń tóbi jù fún táǹkì ilé, ẹ jẹ́ kó wà lókun.

Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Táǹkì tèmi kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kole kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mo sì ń múra táǹkì ńlá sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ yíyà sọ́tọ̀ yẹn. Mo ra convict tang kan, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbà tó dé. Nínú ike tí mo yà á sí ni àmì funfun wínníwínní ti yọ sí i lára. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti yá, àmọ́ kòkòrò yẹn, Cryptocaryon irritans, ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ sísàlẹ̀ láti lọ pọ̀ sí i ni. Ó padà wá lóòótọ́. Oògùn bàbà ni mo fi wò ó, nínú ike yẹn nìkan, torí bàbà máa ń pa edé àti iyùn. Tang sì ni àrùn yìí máa ń tètè mú. Kole mi kò fara kó o rárá. Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí táǹkì ńlá bá ṣe tán, ta ni kí n kọ́kọ́ gbé wọlé?

Láti Adó-Èkìtì

Àbúrò, o ṣeun gan-an. Jẹ́ kí èéhù kọ́kọ́ hù lára òkúta, torí àwọn méjèèjì ló ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kó wọn wọlé pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má di onílé ṣáájú èkejì. Convict kì í sábà jà. Bí kole bá ṣì gbé lẹbẹ sí i, ike oníhò mi wà nílẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ sí Adó kò jìnnà, wá mú un.