Oògùn tó ń dènà èébì fún kẹ́mò (oògùn jẹjẹrẹ) àti iṣẹ́ abẹ: ìgbà tí a lò ó ló ṣe pàtàkì

Nọ́ọ̀sì:
Ẹ má dúró de èébì kí ẹ tó lo oògùn rẹ̀. Fún kẹ́mò tó le bíi cisplatin, oògùn mẹ́rin la sábà máa ń pa pọ̀: aprepitant 125 mg ní wákàtí kan ṣáájú, ondansetron tàbí ẹbí rẹ̀ kan, dexamethasone 12 mg, àti olanzapine 5 sí 10 mg. Ojú ọ̀nà tí èébì ń gbà dé ọpọlọ kò mọ ní ẹyọ kan, oògùn kan ò lè dí gbogbo rẹ̀.

Ilé ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní lọ ní ìrọ̀rùn, aláìsàn bá ju oògùn tó kù sí dúrọ́ọ̀. Èébì cisplatin sì tún máa ń gbóná ní wákàtí 48 sí 72 lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á! Ohun tí aprepitant 80 mg wà fún ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta nìyẹn, àti dexamethasone 8 mg títí dé ọjọ́ kẹrin. Àárọ̀ ni kí ẹ lo dexamethasone. Ẹni tó lò ó lálẹ́ á la ojú sílẹ̀ mọ́jú. Olanzapine ló ni alẹ́, torí ó ń múni tòògbé.

Apòògùn:
Ondansetron máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le gan-an. Àwọn kan á ní oògùn ò ṣiṣẹ́, àìrígbẹ́yà gan-an ló ń rìn wọ́n nínú. Ẹ tètè béèrè oògùn tó ń rọ ìgbẹ́. Ẹ má dá metoclopramide pọ̀ mọ́ olanzapine fúnra yín, ara lè máa gbọ̀n, ọrùn lè lọ́. Ẹni tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, aprepitant ń dín agbára rẹ̀ kù títí di ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán; ẹ lo kọ́ńdọ̀mù.

Ẹni tó ń fúnni lóògùn oorun:
Ti iṣẹ́ abẹ yàtọ̀. Ohun mẹ́rin la máa ń kà láti mọ ẹni tó ṣeé ṣe kó bì: obìnrin ni, kì í mu sìgá (bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má torí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ o), ó ti bì rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí èébì máa ń gbé e nínú mọ́tò, yóò sì gba oògùn ìrora irú mọfíìnì. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i loògùn tí a ń fún un ṣe ń pọ̀ sí i. Dexamethasone á wọlé lẹ́yìn tó bá ti sùn, nítorí bí a bá fà á wọ iṣan ẹni tó lajú, ojú ara rẹ̀ lè ta á bí ẹni fi ata sí i. Ondansetron 4 mg di ìparí iṣẹ́. Bí ó bá ṣì bì láàárín wákàtí mẹ́fà, a kì í tún ondansetron fún un, ẹbí oògùn mìíràn la máa ń mú.