Ṣé kí n sọ fọ́tò di ńlá kí n tó kùn ún ni, àbí lẹ́yìn tí mo bá kùn ún tán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní fọ́tò kan tí mo fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì orí kọ̀ǹpútà sọ di àwòrán ọ̀dà. Píksẹ́lì (àwọn àmì tíńtín tó para pọ̀ di fọ́tò) 1800 sí 1200 péré ni. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 18 sí 12, ní píksẹ́lì 300 fún íǹṣì kan. Ìyẹn ni pé 5400 sí 3600 ni mo nílò.

Mo kọ́kọ́ pa Resample (ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi píksẹ́lì kún fọ́tò tàbí kó yọ ọ́ kúrò), mo kàn yí iye píksẹ́lì fún íǹṣì kan láti 72 padà sí 300. Inú mi ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé bébà ló súnkì sí íǹṣì 6 sí 4. Píksẹ́lì kan ṣoṣo ò lé sí i. Mo wá tan Resample, mo lo Bicubic, ọ̀nà tó ń da àwọ̀ àwọn píksẹ́lì tó wà nítòsí pọ̀ láti fi ṣe tuntun. Ó tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì. Ti Nearest Neighbor, tó kàn ń ṣe ẹ̀dà píksẹ́lì tó sún mọ́ jù, tiẹ̀ burú jù: gbogbo etí rẹ̀ dà bí àtẹ̀gùn.

Lójú tèmi, bàìbàì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, búrọ́ọ̀ṣì á bò ó. Àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ di tíńtín lórí fọ́tò ńlá, kọ̀ǹpútà mi sì ń wọ́ bí ìgbín (ó ti dàgbà, ẹ má bú u). Bí mo bá sì kùn ún ní kékeré, ẹ̀rù ń bà mí pé ipa búrọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ ẹwà iṣẹ́ náà gan-an, á yọ́ mọ́ra wọn tí mo bá sọ ọ́ di ńlá.

Èwo lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe? Àbí kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ná, kí n kùn ún díẹ̀, kí n tó fi kún un?