Èsì: "ọ̀rá kíkan pàtàkì" kọ́, ọ̀rá àjẹní ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Bàbá wa láti Òmù-Àrán ní kí á máa pe àwọn ọ̀rá tí ara kò lè dá ṣe, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "essential fatty acids", ní "ọ̀rá kíkan pàtàkì". Ẹ jọ̀wọ́ sà, kíkan báwo? Ọbẹ̀ ní í kan. Ògì ní í kan. Bí ẹ bá gbé òróró kíkan lọ sí Ọjà Ọba ní Ìlọrin, ta ni yóò rà á? Torí pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kà á mọ́ ásíìdì lẹ ṣe lọ fa "kan" wá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa tọ́ epo inú ẹ̀gúsí wò tí yóò fajú ro bí ẹni lá ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀rá nìkan tó. (Ẹni tó sọ pé náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè ní ọ̀rá ní Ọjà Ìpàta, mo gbọ́. Ká máa lọ.)

"Pàtàkì" ló tún bí mi nínú jù. Oríṣi méjì péré lọ̀rọ̀ yìí kàn: linoleic, ará ilé ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní ómégà-6, àti alpha-linolenic, ará ilé ti ómégà-3. Ara ń fi àmàlà àti ṣúgà ṣe ọ̀rá mìíràn, ẹ wo ikùn wa, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi ṣe méjèèjì yìí. Ẹnu ni wọ́n ń gbà wọlé. George Burr, onímọ̀ ìjìnlẹ̀, àti Mildred ìyàwó rẹ̀ ló fi hàn ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1929 pé ọ̀rá kan wà tí a ní láti jẹ: wọ́n ń bọ́ eku ní oúnjẹ tí kò ní ọ̀rá. Ṣúgà wà níbẹ̀, fítámínì wà níbẹ̀, síbẹ̀ awọ ara àti ìrù wọn ń bó, wọn kò sì dàgbà mọ́.

Ẹ wá wo DHA, ọ̀rá ómégà-3 mìíràn tó wà nínú ẹja. Ọpọlọ àti ojú ń lò ó gan-an, ta ni yóò ní kò ṣe pàtàkì? Síbẹ̀ wọn kì í kà á mọ́ méjì yẹn, torí ara lè fi alpha-linolenic ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. "Kòṣeémánìí" tí ará Ọ̀fà mú wá jìn sí kòtò kan náà. Owó ńkọ́, ṣé kì í ṣe kòṣeémánìí ni?

Ilé là á wò. Àjẹní ni mo sọ: ohun tí a ní láti jẹ kí a tó ní in. Ẹnì kan fèsì pé "ajẹni" lòun kà, ọ̀rá tó ń jẹ ènìyàn. Òmíràn ní "àjẹ́ ni". Ẹni tí kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ̀bi ta ni? À- olóhùn ìsàlẹ̀ ni mo lò, ti àkọsílẹ̀ àti àjogúnbá, kì í ṣe a- ti apẹja àti akọ̀wé. Àwọn ìyá Igbómìnà tó tọ́ mi dàgbà kò débi ìwé, wọn kò sì ṣi méjèèjì pè rí.

Ti oúnjẹ tí ẹ béèrè: linoleic pọ̀ nínú ẹ̀gúsí àti sóyà. Òróró ẹ̀pà ní in, àmọ́ alpha-linolenic fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Àsálà ló ní ìyẹn dáadáa. Mo ní àsálà. Ẹni tó bá fẹ́ jà fún awùsá, kó lọ jà á nílé tirẹ̀.

Bàbá wa tún kọ ọ́ pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Òótọ́ ni sà. Ẹ bá mi tú à- yẹn palẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ orí mi sílẹ̀.